Ẹ Bi Màmá Lábù: Òróró ewé àti kòkòrò inú ìfun tí oògùn kò kápá mọ́

Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn kòkòrò tí àǹtíbáyótíìkì kò kápá mọ́ lójú ewé yìí, ìbéèrè nípa òróró ló kún inú lẹ́tà yín. Kì í ṣe òróró ìdáná o. Òróró olóòórùn ni, èyí tí wọ́n ń fi oru omi gbígbóná fà jáde lára ewé, èèpo igi, èso àti òdòdó, tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kékeré tó ṣókùnkùn, tí wọ́n á wá kọ "essential oil" sí i lára. Iṣẹ́ tèmi nílé ìwòsàn ni kí n gbin kòkòrò inú ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ sínú àwo, kí n sì wo oògùn tó kápá rẹ̀ àti èyí tí kò kápá rẹ̀. Ojú ẹni tó ń wo àwo ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má retí kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tajà. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

Ìbéèrè: Màmá Lábù, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi, dókítà wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ wọn wò. Èsì dé pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ E. coli, irú èyí tó ń ṣe ESBL, wà nínú ìfun wọn. Dókítà ní kò sí oògùn tí òun fẹ́ fún wọn nítorí ìyẹn. Àǹtí mi wá fi fídíò kan ránṣẹ́. Wọ́n kán òróró ewé oregano sáàárín àwo kòkòrò, gbogbo àyíká rẹ̀ mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ kòkòrò hù bo bébà àǹtíbáyótíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí dókítà kò sọ èyí fún wa? Ṣé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún bàbá? (Àkọ́bí Bàbá)

Ìdáhùn: Àkọ́bí Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú. Fídíò yẹn kò purọ́. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ti jókòó sórí tábìlì tèmi náà rí. Carvacrol àti thymol, èròjà tó lágbára jù nínú òróró oregano àti ti tááìmù, máa ń pa E. coli, wọn kì í sì í béèrè bóyá ó ń ṣe ESBL tàbí kò ṣe é. ESBL yìí jẹ́ ẹ́ńsáìmù kan tí kòkòrò náà fi ń gé àwọn oògùn ìdílé pẹnisílíìnì àti ọ̀pọ̀ sẹfalosipórìnì kí wọ́n tó rí iṣẹ́ ṣe. Carvacrol kì í ṣe ará ìdílé yẹn, ẹ́ńsáìmù náà kò rí ibi mú lára rẹ̀. Awọ tó bo kòkòrò ló ń wọ̀ lọ. Ó ń tú ọ̀rá tó di awọ náà mú, pòtásíọ́mù inú rẹ̀ á máa jò síta, ATP tó fi ń ṣe agbára á bá a lọ, awọ náà á wá dà bí igbá tó sán, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò dúró mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a bi òróró náà ní ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo oògùn: mélòó nínú rẹ ló máa dé ibi tí kòkòrò wà?

E. coli tí àǹtíbáyótíìkì tó ń jẹ́ ciprofloxacin ṣì kápá, 0.25 mílígíráàmù oògùn náà nínú lítà kan, tàbí ohun tó kéré sí ìyẹn dáadáa, ti tó láti dá a dúró kó má lè hù. Carvacrol ńkọ́? Ohun tí a sábà máa ń rí ni 200, 300, nígbà mìíràn 500 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ẹ bá mi ṣírò báyìí. Ẹ̀kán òróró kan wúwo tó nǹkan bí 45 mílígíráàmù. Ká ní ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ carvacrol, ó di 30. Omi tó ń wọ inú ìfun àgbàlagbà lójúmọ́, èyí tí ó mu àti èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń tú sí i, tó lítà 8 sí 9. Ẹ pín 30 sí lítà 8, kò pé 4. Bí bàbá bá fara da ẹ̀kán mẹ́wàá, a kò tíì dé 40, a ṣì jìnnà sí 200.

Ìyẹn sì jẹ́ bí gbogbo rẹ̀ bá dé ibẹ̀. Kò ní í dé. Àwọn tó fi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ìwádìí rí i pé láti inú àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ni carvacrol àti thymol ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á mú wọn, kíndìnrín á dà wọ́n sínú ìtọ̀. Ohun tó ń kù tí yóò rìn dé ìfun ńlá kò tó nǹkan. Ìfun ńlá sì ni E. coli bàbá yín ń gbé.

Ẹ̀yin kan á ní kí a kúkú mú un pọ̀ títí yóò fi dé. Ọ̀rá ni ara tiwa náà fi ṣe awọ sẹ́ẹ̀lì ìfun wa. Pẹnisílíìnì ń ba ògiri tó yí kòkòrò ká jẹ́, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò sì ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè gbé e mì ní gíráàmù gíráàmù kó má ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa ní nǹkan kan. Òróró kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Iye tó ń tú awọ kòkòrò kò jìnnà sí iye tó ń ṣe awọ ìfun léṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó ṣe fídíò yẹn kò sọ. Bébà ciprofloxacin tí a ń lẹ̀ mọ́ àwo ní lábù gbé 5 máíkírógíráàmù péré. Ẹ̀kán òróró kan gbé nǹkan bí 45,000. Ẹ má fi òrùka, àyíká tó mọ́ kedere yẹn, ti méjèèjì wé ara wọn mọ́. Òróró tún máa ń gbẹ dà sínú afẹ́fẹ́ lórí àwo tí wọ́n dé, oru rẹ̀ á máa pa kòkòrò láti òkè wá. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ rí báyẹn.

Ní ti dókítà, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún yín. Láti 1885 tí Theodor Escherich ti rí kòkòrò yìí nínú ìgbẹ́ ọmọ ìkókó ni a ti mọ̀ pé ìfun ẹni tí ara rẹ̀ le ni ilé rẹ̀. Bàbá ń gbé e kiri ni, kò ń ṣe wọ́n ní àìsàn. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ àrùn àkóràn ní Yúróòpù fi síta ni pé kí a má ṣe sọ ọ́ di àṣà láti máa lé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìfun ẹni tó kàn ń gbé e. Oníṣẹ́ abẹ ni èsì yẹn wúlò fún jù, òun ni yóò fi mọ àǹtíbáyótíìkì tó yẹ kí ó lò lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ní tiyín, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, gbogbo ilé. Ẹ má fún wọn ní òróró náà. Ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ kò nílò ẹ̀dọ̀ tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi, ọmọ oṣù 18, ń ṣu omi láti ìjẹta. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kán òróró kànáfùrù mẹ́ta sínú omi kí n fún un, pé àdáyébá ni, ó sàn ju àǹtíbáyótíìkì lọ. (Abiyamọ)

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Ẹ gbé ìgò náà síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Eugenol ló pọ̀ jù nínú òróró kànáfùrù, àwọn ọmọdé tó gbé mìlílítà 5 sí 10 rẹ̀ mì ti dákú, gìrì ti mú wọn, ẹ̀dọ̀ wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kán mẹ́ta kò tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìgò tó wà nínú ilé ni ọmọ máa ń gbé dà sẹ́nu nígbà tí ojú ìyá kò sí níbẹ̀. Òróró ewé wintergreen tún burú jù ú lọ: ṣíbí tíì kan rẹ̀, mìlílítà 5, tó nǹkan bíi gíráàmù 7 aspirin, ó sì lè pa ọmọdé. Òróró tó ní káńfọ̀ nínú ń fa gìrì.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àǹtíbáyótíìkì kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀, òróró kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ló lè pa á, òun ni kí ẹ dá padà: omi ORS, mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí bó bá ń bì. Síńkì mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tí ó ń bì gbogbo ohun tó mu, tí ara rẹ̀ rọ tàbí tí kò tọ̀, ẹ má ka ìyókù ìwé ìròyìn yìí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ni mí. Wọ́n kọ́ wa pé kòkòrò kò lè gbó sí òróró ewé bó ṣe ń gbó sí àǹtíbáyótíìkì, torí pé èròjà inú òróró pọ̀, wọ́n sì ń kọlù ú láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta)

Ìdáhùn: Ó sún mọ́ òótọ́, àmọ́ má gbé e lé orí. Kòkòrò tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àǹtíbáyótíìkì kan lè yí ẹyọ ibì kan ṣoṣo tí oògùn náà ń dì mú padà, ó parí. Bí ohun tí wọ́n ń kọlù bá jẹ́ odindi awọ rẹ̀, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Nítorí náà ó ṣòro fún un. Ṣíṣòro kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣeé ṣe.

Wá ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1997 kà. Òróró igi páìnì ni wọ́n lò, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọlé. Wọ́n mú àwọn E. coli tó yè nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi àǹtíbáyótíìkì dán àwọn tó yè yìí wò, tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti nalidixic acid kò kápá wọn dáadáa mọ́. Kòkòrò yẹn kò fojú kan ọ̀kankan nínú oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí! Jíìnì kan tó ń jẹ́ marA ló ta jí, òun ló ń pàṣẹ kí fáńpù AcrAB pọ̀ sí i. Iṣẹ́ fáńpù yìí ni pé kó máa ti ohun tí kò bá kòkòrò lára mu síta, kò sì bìkítà bóyá lára igi ni nǹkan náà ti wá tàbí láti ilé iṣẹ́ oògùn. Nígbà tí wọ́n gé acrAB, jíìnì tó ń ṣe fáńpù náà, kúrò, òróró náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa á wẹ́rẹ́. Ìdí tí mo fi ń bá àwọn tó ń mu òróró díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ "kí ìfun lè mọ́" jà nìyẹn: díẹ̀ tí kò tó pa kòkòrò ni ó ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Rántí pẹ̀lú pé inú ìfun ni kòkòrò ti ń fún ara wọn ní jíìnì. Àwọn ará Jàpáánù ló kọ́kọ́ fi èyí hàn wá nígbà tí ọ̀rìn Shigella wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dojú ìjà kọ oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ní àwọn ọdún 1950. Ní 1959 wọ́n jẹ́rìí rẹ̀ pé Shigella àti E. coli lè gba agbára yẹn lọ́wọ́ ara wọn. Plasmid la pe ohun tó ń gbé e kiri.

Bí o bá fẹ́ fi òróró ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ, má gbẹ́kẹ̀ lé bébà àti òrùka. Òróró kì í rìn nínú ágà torí omi ló pọ̀ nínú ágà. Lo ọbẹ̀ kòkòrò nínú túùbù, fi Tween 80 díẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí òróró àti omi pò pọ̀, pò ó, kí o sì ní túùbù kan tó ní Tween nìkan. Fi Pseudomonas aeruginosa sí i, òun ni yóò rẹ ìgbéraga òróró rẹ sílẹ̀. Kí o sì kọ èròjà inú òróró náà sílẹ̀ bí ẹ̀rọ gas chromatography bá ṣe kà á. Tááìmù kan wà tí thymol kún inú rẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ pé linalool ni, orúkọ Látìn kan náà ni méjèèjì ń jẹ́. Ẹni tó bá kọ "òróró tááìmù" lásán kò tíì sọ nǹkan kan fún mi.

Ìbéèrè: Màmá, mo ń sin adìyẹ. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ fún wa ní kí n yéé fi àǹtíbáyótíìkì sí i, kí n fi òróró oregano àti ti tááìmù rọ́pò. Ṣé kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ ta ọjà rẹ̀? (Ọlọ́sìn)

Ìdáhùn: Ó fẹ́ ta ọjà rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ, ó kéré tán nípa ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń fi àǹtíbáyótíìkì sínú oúnjẹ ẹran tí kò ṣàìsàn, kó lè sanra kíá, òun ló ń gbin ohun tí mo ń rí nínú àwo mi. Swídìn ló kọ́kọ́ fòfin dè é, ní 1986. Lẹ́yìn náà ni ti avoparcin. Oúnjẹ ẹran ni wọ́n ń fi í sí, kò sẹ́ni tó ń fún ènìyàn, àmọ́ ìbátan vancomycin ni, vancomycin sì wà lára ohun tí dókítà ń fà yọ nígbà tí ọ̀pọ̀ oògùn bá ti kùnà. Kòkòrò Enterococcus inú ìfun ẹran tó ń jẹ avoparcin wá di èyí tí vancomycin kò kápá. Dẹ́nmáàkì lé e kúrò ní 1995, ìyókù Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 1997. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2006, Yúróòpù pa gbogbo àǹtíbáyótíìkì amúnisanra rẹ́ nínú oúnjẹ ẹran. Ṣáínà gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú àǹtíbáyótíìkì mìíràn, colistin. Ní 2015 wọ́n kéde pé àwọn ti rí mcr-1 lára E. coli ẹlẹ́dẹ̀, jíìnì tó ń gun plasmid kiri tó sì ń sọ colistin di omi lásán. Ní 2017 wọ́n dá fífi colistin mú ẹran sanra dúró.

Ibí yìí gan-an ni òróró ti rí àyè wọlé, ó sì tọ́ sí àyè náà ju inú ènìyàn lọ. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni adìyẹ ń jẹ lójoojúmọ́, ẹni tó ń po oúnjẹ lè wọn òróró náà sí i ní ìwọ̀n tó péye, ilé iṣẹ́ sì máa ń fi ọ̀rá dì í kí ó má bàa tán sí òkè ìfun. Ó máa ń dín Clostridium perfringens, kòkòrò tó ń ba ìfun adìyẹ jẹ́, kù, oúnjẹ a sì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i lára wọn. Mo ní díẹ̀. Lóko kan ẹ óò rí i, lóko kejì ẹ ò ní í rí nǹkan kan, pàápàá níbi tí ilé adìyẹ ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí abẹ́ adìyẹ rẹ̀ tutù rinrin, tí kò fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ó sì kó wọn jọ fún ara wọn, kò sí òróró tí yóò gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì sí i. Ẹ má ra ìgò lọ́jà kí ẹ máa dà á sínú omi wọn. Òróró á léfòó, adìyẹ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ á mu gbogbo rẹ̀, àwọn tó kù á mu omi. Bí àìsàn bá sì wọlé, dókítà ẹran ni kí ẹ pè. Àǹtíbáyótíìkì ṣì ni oògùn ẹran tó ń ṣàìsàn tí bakitéríà bá ló fà á. Kí ẹ lo iye ọjọ́ tó bá sọ, kí ẹ sì dúró de iye ọjọ́ tó ní kí ẹ dúró kí ẹ tó tà wọ́n.

Ìbéèrè: Dókítà kọ kápúsù òróró mínǹtì fún mi nítorí inú tó ń run mí láti ọjọ́ pípẹ́, ó pè é ní IBS. Ṣé kòkòrò ló fẹ́ fi pa? (Inú-ń-run-mí)

Ìdáhùn: Rárá. Menthol inú rẹ̀ ń dí kálísíọ́mù lọ́nà kó má wọ inú ẹran ìfun, ìfun tó ń kákò á wá tú. Ẹ̀rí rẹ̀ wà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìfun ní Amẹ́ríkà fi í sínú ìmọ̀ràn wọn ní 2021. Ẹ gbé kápúsù náà mì lódindi, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi oògùn apa-ásíìdì tẹ̀ lé e. Awọ tí wọ́n fi bo kápúsù náà ni kò jẹ́ kó tú sínú àpòlúkù, òun ló ń mú un dé ibi tó ń lọ.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé kòkòrò rere wà nínú ìfun. Ṣé òróró ewé kì í pa àwọn yẹn, bí àǹtíbáyótíìkì ṣe ń pa wọ́n? (Olùkàwé Tuntun)

Ìdáhùn: Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí. Awọ ni òróró ń kọlù, kòkòrò rere náà sì ní awọ. Ní 2009, wọ́n fi òróró mẹ́jọ dán oríṣi kòkòrò inú ìfun wò ní Ọsirélíà. Díẹ̀ nínú wọn, bíi ti caraway àti ti lavender, dá Candida àti àwọn kòkòrò burúkú kan dúró ní ìwọ̀n tí kò ṣe àwọn kòkòrò rere, Lactobacillus àti Bifidobacterium, ní nǹkan kan. Èyí dùn ún gbọ́. Inú àwo ni, ẹ rántí. Àwọn òróró tó kù nínú mẹ́jọ náà kò mọ̀ọ́yàn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kòkòrò rere bá tán kì í ṣe eré. Kòkòrò burúkú kan, Clostridioides difficile, á gba ilé, ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ sì lè pa àgbàlagbà. Oríṣi ìtọ́jú kan tó ṣiṣẹ́ fún un yóò yà yín lẹ́nu: ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n pò mọ́ omi tí wọ́n sì fi túùbù kékeré tó gba imú wọlé rọ sínú ìfun aláìsàn. Ní Nẹ́dálándì, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2013, 13 nínú ènìyàn 16 ni ara wọn yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú 13 tí wọ́n fún ní vancomycin nìkan, 4 ni. Kòkòrò ni wọ́n fi lé kòkòrò. Bí ẹ bá ń lo àǹtíbáyótíìkì lọ́wọ́ tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán tí ìgbẹ́ gbuuru sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má wá ìgò kankan lọ.

Ìbéèrè: Ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin oníwèé kò ka ewé sí. Ṣé kì í ṣe ewé ni baba oògùn? (Àgbà Olùkàwé)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Tu Youyou rí artemisinin tó ń wo ibà lára ewé Artemisia annua. Ìwé àtijọ́ ló kà tó fi mọ̀ pé iná gbígbóná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ní 1971 ó lo ether tí kì í fẹ́ ooru púpọ̀ láti fi fà á jáde, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà láàárín: wọ́n ya èròjà náà sọ́tọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára ènìyàn, wọ́n mọ iye tó yẹ kí ẹni tó wúwo tó báyìí lò. Òróró fún kòkòrò ìfun kò tíì rin ọ̀nà yẹn dé òpin. Àwọn kan ń ti carvacrol sínú ìṣù ọ̀rá tó kéré kọjá ohun tí ojú lè rí, kó lè la àpòlúkù kọjá. Àwọn mìíràn ń fi í di fáńpù kòkòrò kí àǹtíbáyótíìkì àtijọ́ lè tún ráyè wọlé. Ẹni tí kò ka ewé sí kò ní í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé táífọ́ọ̀dù ń ṣe mí, wọ́n ní ciprofloxacin ṣì kápá kòkòrò náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo kà á pé òróró oregano máa ń ran àǹtíbáyótíìkì lọ́wọ́. Ṣé kí n fi kún un kó lè yá? (Ẹni tó fẹ́ yára sàn)

Ìdáhùn: Inú àwo ni wọ́n ti ń rí ìrànlọ́wọ́ yẹn. A máa ń to oògùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, òróró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, iye wọn á máa lọ sókè ní ihò kọ̀ọ̀kan, a ó sì wo ibi tí díẹ̀ nínú méjèèjì ti ṣe ohun tí púpọ̀ nínú ọ̀kan ń ṣe. Àwọn kan ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, àwọn kan kò ṣe nǹkan kan. Táífọ́ọ̀dù tiyín ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ọlọ inú, inú sẹ́ẹ̀lì ara yín ló ń fara pamọ́ sí. Carvacrol tó máa dé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ọpẹ́ ni fún yín pé wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ yín kí wọ́n tó kọ oògùn. Salmonella Typhi tí oògùn ìdílé ciprofloxacin kò kápá wà nínú ìwé àwọn kòkòrò tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi síta ní 2024 pé ó yẹ kí a tètè wá oògùn tuntun fún. Ẹ lò ó ní wákàtí rẹ̀, títí dé ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, bí ara tilẹ̀ ti yá. Bí ibà kò bá lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ padà lọ.

Ẹ tún wo ohun mìíràn tí ẹ ń gbé mì. Oògùn apa-ásíìdì, kálísíọ́mù, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú àti síńkì máa ń di ciprofloxacin mú nínú ikùn, kì í sì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ lo ciprofloxacin ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú èyí tí ẹ ń lò, ẹ kó gbogbo ìgò àti páálí rẹ̀ lọ bá apòògùn yín, ti òróró náà pẹ̀lú.